Ọmọ Tí Kì Í Kí Ènìyàn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìkíni ni ẹnu ọ̀nà gbogbo nǹkan. Kí ọmọ tó mọ ọ̀nà oko ni a ti ń kọ́ ọ pé kí ó dọ̀bálẹ̀ fún baba, tàbí kí ó kúnlẹ̀ fún ìyá. A ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó, a ní fún ẹni tí ó dúró, a ní fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a ní fún ẹni tí ń di irun, a sì ní fún ẹni tí òjò pa. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá kọjá lára àgbà láìkí i, a kì í wádìí púpọ̀ kí á tó dájọ́. A ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, a ó kọjú sí ìyá rẹ̀, nítorí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ọmọ tí ó bá dára ni ti baba, èyí tí kò bá dára ni ti ìyá.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ọmọ kan tí kì í kí ènìyàn, tí kì í sì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà láàrin wa, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé ta ni ó fà á. Ìbéèrè yìí kì í ran ọmọ lọ́wọ́, kì í ran òbí lọ́wọ́, kò sì yẹ ìjọ Ọlọ́run. Èyí tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé apá wo nínú ẹrù yìí ni a lè bá wọn gbé. Àwa tí a ń kọ èyí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ti bi ìbéèrè àkọ́kọ́ náà rí, a sì ti ti ipasẹ̀ rẹ̀ ṣe àìtọ́. Nítorí náà a kò kọ̀wé bí ẹni tí ń bá ẹlòmíràn wí, bí kò ṣe bí ẹni tí a ti bá wí, tí ó sì ti gbọ́.

Ní sáà tí ó kọjá, a rán mẹ́ta nínú wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ní kíláàsì kejì a bá ọmọkùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í dáhùn; kì í tilẹ̀ yíjú, àfi bí ẹni pé ògiri ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń pa ẹ̀pà lẹ́yìn fèrèsé, yóò gbọ́. Ó ní àpò kékeré kan tí ìdérí ìgò kún inú rẹ̀. A máa tò wọ́n sórí tábìlì, pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, bí ọmọ kan bá sì yẹ ọ̀kan kúrò nípò, yóò ké títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Bí a bá lu agogo ilé ẹ̀kọ́, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí, yóò sì wọ abẹ́ tábìlì lọ. Bí a bá bi í pé, “Kí ni orúkọ rẹ?” òun náà yóò wí pé, “Kí ni orúkọ rẹ?” ní irú ohùn tiwa gan-an. Gbogbo kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín, àwa a sì rò pé ó ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà ni.

Ohun kan wà tí ó yà wá lẹ́nu. Ní òròòwúrọ̀ ni a máa ń kọrin láti inú ìwé orin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti gbé orin, kí ẹsẹ̀ kìíní tó parí, ọmọ yìí yóò ti pe nọ́ńbà orin náà. A yẹ ìwé wò lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí èyí kọ́ wa kọ́ ni ó kọ́ wa. Èyí tí a sọ ni pé ọmọ tí orí rẹ̀ pé tó báyìí, tí kò sì fẹ́ dáhùn orúkọ, agídí ni ó ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan nínú wa mú pàṣán, ó ní, “Na ọwọ́ rẹ,” ó sì nà án lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà sunkún. Nígbà tí ó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, “Na ọwọ́ rẹ, na ọwọ́ rẹ.” Láti ọjọ́ náà, nígbàkúùgbà tí ó bá rí ẹni tí ó nà án, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Dípò kí ojú tì wá, ńṣe ni inú bí wa. A tọ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ lọ pé kí wọ́n mú ọmọ náà kúrò ní kíláàsì, nítorí kò jẹ́ kí àwọn yòókù kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá náà gbọ́ wa tán, wọ́n ní kí á kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀.

Obìnrin náà wá láti gárèèjì níbi tí ó ti ń ta mọ́ínmọ́ín. Bí ó ti rí wa, ó fẹ́ kúnlẹ̀. A sáré dá a dúró, nítorí ó tó ìyá tí ó bí wa lọ́mọ. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ilé ẹ̀kọ́ kẹta rẹ̀ nìyí.” A ní kí ó jókòó, a sì ní kí ó bá wa sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní nígbà tí ọmọ náà tó ọmọ ọdún kan àbọ̀, ó ti ń pe omi, ó ti ń pe ìyá. Ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọdún méjì, àwọn ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí pé irú rẹ̀ kò sí nínú ìdílé àwọn rí, kí ó wá sọ ibi tí ó ti gbé e wá. Àwọn ará àdúgbò ní ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ni. Ó gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́. Ó ní, “Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe, bóyá ọmọ mi lè sọ̀rọ̀.” Wọ́n ní kí ọmọ náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní òru ọjọ́ kejì, ó jí ọmọ rẹ̀ gbé, ó pọ̀n ọ́n, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé.

A bi í bí ó ti ṣe tí ó ṣì ń lọ sí ilé Ọlọ́run lẹ́yìn gbogbo èyí. Ó ní nínú ìjọ tí ó ń lọ nísinsin yìí, ìyá àgbà kan wà, opó ni. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọmọ náà ń ké, àwọn ènìyàn ń wẹ̀yìn wò, ìyá àgbà yìí sì dìde láti ìjókòó rẹ̀ níwájú, ó wá jókòó tì í lẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn ìsìn, kò bi í pé kí ni ó ṣe. Ó ní, “Gbé e wá fún mi ní Ọjọ́rú, kí ìwọ lọ sùn.” Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, ọmọ náà ń wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìwé orin nìkan ni ìwé tí ìyá àgbà ní. Yóò ṣí i, yóò fi ìka tọ́ nọ́ńbà, yóò sì kọ orin náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ṣe mọ gbogbo wọn. Obìnrin náà wí pé, “Oorun Ọjọ́rú yẹn ni Ọlọ́run fi mú mi dúró. Nígbà tí mo ti sùn ni mo tó ní agbára láti gbé e lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀ ni dókítà ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, pé ọ́tísíìmù ni, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.”

Nígbà tí ó lọ tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè wo ojú ara wa. Lẹ́yìn èyí ni a tó ṣe ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣe kí ó tó mú pàṣán: a lọ kàwé. Ẹ jẹ́ kí á sọ díẹ̀ nínú ohun tí a rí fún yín.

Ní ọdún 1943, dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, tí wọ́n dà bí ẹni tí ń dá gbé láàrin èrò, tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ, tí wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yí padà. Ní ọdún 1944, Hans Asperger kọ ohun tí ó jọ ọ́ ní ìlú Vienna. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí “ara ẹni” ni a ti fa orúkọ náà yọ. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo ènìyàn ayé ní ọdún 2021, bí ẹnìkan nínú 127 ni ó ní i. Èyí fi hàn pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan, tàbí ìjọ ńlá kan, ní ilẹ̀ wa tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní sí, yálà a mọ̀ ọ́n tàbí a kò mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe àrùn tí ń ràn. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà dàgbà ni ó yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Ohun àbínibí tí ọmọ jogún ní ipa púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi lè rí i lára ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdílé kan. A máa ń rí i lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń ṣàìkíyèsí rẹ̀ lára àwọn ọmọbìnrin. Àwọn kan tí ó ní i lè kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn mìíràn kì yóò sọ̀rọ̀ láéláé, wọn yóò sì nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn títí ọjọ́ ogbó. Wárápá a máa bá àwọn kan jà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí oògùn tí ń mú un kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a fi sùúrù pín sí wẹ́wẹ́, a máa ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì lè ṣe ìtọ́jú ara wọn.

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń bi òbí pé kí ni ó ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun bi í pẹ̀lú. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn 1943, wọ́n ń wí pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú ni ó ń fa ọ́tísíìmù. Ìwé tí Bruno Bettelheim tẹ̀ jáde ní 1967 sì tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Àìmọye ìyá ni ó fi omijé lọ sùn nítorí irọ́ yìí. Bernard Rimland, ọ̀mọ̀wé tí òun fúnra rẹ̀ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti kọ̀wé ní 1964 láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1969, Kanner alára dúró níwájú àpéjọ àwọn òbí ní Amẹ́ríkà, ó sì dá wọn láre. Lẹ́yìn èyí, ní 1998, àwọn dókítà kan tún kọ̀wé tí ó mú kí àwọn òbí gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń fà á; ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní 2010, ìwádìí lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ sì ti fi hàn pé kò sí òtítọ́ nínú rẹ̀. Ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ kò ṣẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ohun kan wà tí ó lè mú kí á pẹ́ kí á tó mọ̀. Ọmọ tí kì í wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, àmì kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa ni a ń kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe tẹjú mọ́ àgbà. Ọmọ tí ó dákẹ́, tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, a ó yìn ín pé ó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kíyè sí àwọn àmì mìíràn: ọmọ tí ó ti pé ọdún kan tí kì í yíjú bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún kan àbọ̀ tí kì í nawọ́ sí nǹkan láti fi han ìyá rẹ̀, ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì pòórá. Kí òbí tí ó bá rí èyí má ṣe dúró kí ọmọ fi ọjọ́ orí borí rẹ̀. Kí ó gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ ìdàgbàsókè rẹ̀ wò.

Nísinsin yìí, a dé orí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú. Wọn kò béèrè ẹni tí ń fún un ní oúnjẹ, wọn kò béèrè ẹni tí ń fà á lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni ó ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa kò gba èkíní, kò gba èkejì. Níwájú gbogbo ènìyàn, ó mú ẹ̀bi kúrò lórí ọmọ àti lórí òbí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí Kanner ṣe fún àwọn òbí ní 1969, ó ti wà nínú Bíbélì tí a ń kà ní òròòwúrọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwa kò sì rí i.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣùgbọ́n afọ́jú náà ríran níkẹyìn. Ṣé ẹ kò gbàgbọ́ pé Ọlọ́run lè ṣe é ni?” Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kéré rẹ̀. A kò sọ fún Ọlọ́run ohun tí kò lè ṣe. A kò sì sọ fún ìyá kan pé kí ó má gbàdúrà. Àdúrà ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ró. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pẹ̀lú gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ̀gún náà kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni a fi kún un fún un. Ta ni yóò wí pé Pọ́ọ̀lù kò ní ìgbàgbọ́? Àgbẹ̀ tí ó gbàdúrà fún òjò kì í torí rẹ̀ ká ọ́kọ́ rẹ̀ sórí àjà. Yóò kọ ebè de òjò. Bẹ́ẹ̀ ni kí òbí tí ń gbàdúrà máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí á sì rántí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ní ọ́tísíìmù ń wí pé àwọn kì í ṣe aláìsàn, pé kí á gba àwọn bí a ti dá àwọn ni àwọn fẹ́.

Ohun tí a kọ̀ pátápátá ni kí á fi orúkọ Jésù di ọmọ ní ẹ̀wọ̀n, kí á fi ebi pa á, tàbí kí á nà án pé ẹ̀mí àìmọ́ ni a ń lé. Ẹgbẹ́ Human Rights Watch fi hàn ní ọdún 2019 pé ní orílẹ̀-èdè wa, wọ́n ń so àwọn tí a ní orí wọn kò pé mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyà jẹ wọ́n, ní oríṣiríṣi ibi tí a pè ní ibi ìtọ́jú, títí kan ilé àdúrà. Nínú Ìhìnrere Máàkù, ọkùnrin mẹ́rin gbé arọ kan tọ Jésù lọ. Nígbà tí èrò kò jẹ́ kí wọ́n kọjá, wọ́n dá òrùlé lu. A kò kà pé wọ́n bi arọ náà léèrè ìwà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e. Nígbà tí ó rẹ Èlíjà débi tí ó fi ń béèrè ikú, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ bá a wí. Ó gbé àkàrà àti omi sí i lórí, ó sì jẹ́ kí ó tún sùn. Ìyá àgbà tí ó wí pé, “Gbé e wá fún mi, kí ìwọ lọ sùn,” kò tíì wàásù rí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ áńgẹ́lì náà.

Kí ni ìjọ lè ṣe? Kò ná owó púpọ̀. Kí a fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè jáde kí wọ́n sì padà wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni wẹ̀yìn wò. Kí a má ṣe jẹ́ kí ìlù àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga kọjá ìwọ̀n. Ariwo tí ó dùn létí wa lè dà bí abẹ́rẹ́ ní etí ọmọ náà. Kí ẹgbẹ́ obìnrin yan ẹni tí yóò máa gba ọmọ náà mọ́ra fún wákàtí méjì láàrin ọ̀sẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ọkùnrin bá baba ọmọ sọ̀rọ̀ kí ó má ṣe sá fi ilé sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn ń sá. Kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi má ṣe kọ ọmọ náà sílẹ̀ nítorí pé kò lè ka ẹsẹ Bíbélì jáde. Kí á sì ṣọ́ra láti má fi ọmọ náà dúró níwájú ìjọ bí ohun àfihàn.

Ní ti àwa olùkọ́, a mọ ohun tí ẹ óò sọ, nítorí àwa pẹ̀lú sọ ọ́. Ẹ óò ní kíláàsì kan lè ní ọgọ́ta ọmọ, olùkọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ohun èlò. Òtítọ́ ni. Láti 1977 ni a ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú àkànṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jáde níbẹ̀ kò tíì kárí ìlú àti abúlé. Òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2019, sì ka á léèwọ̀ pé kí a du aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ nítorí ipò rẹ̀. Ohun tí ìjọba jẹ gbèsè rẹ̀, kí ìjọba san án. Síbẹ̀, ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa, kí á má ṣe dúró de ìjọba kí á tó ṣe é.

Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó kù. A ya àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí páálí: orin, ìṣirò, oúnjẹ, eré, ilé, a sì ń fi ìka tọ́ ọ kí á tó kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Kí a tó lu agogo, ọmọ kan yóò gbé àwòrán agogo lọ fi hàn án, òun náà yóò sì di etí rẹ̀ de ariwo náà. A kò tún bi í ní ìbéèrè gígùn mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni a ń sọ, a ó sì dúró. A fi ìdérí ìgò rẹ̀ kọ́ ọ ní ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. A fún un ní iṣẹ́ pípe nọ́ńbà orin ní òròòwúrọ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè bí wọ́n bá gbàgbé.

A kò ní purọ́ fún yín pé ó di ọmọ mìíràn. Ó ṣì ń ké bí òjò bá da ètò ọjọ́ rú. Ìgbà díẹ̀ ni ó ń wọ abẹ́ tábìlì mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó nà án nínú wa sì ń gbọ́ “Na ọwọ́ rẹ” títí di ọ̀sẹ̀ tí a fi lọ. Ó ní òun gbà pé ó tọ́ sí òun. Ṣùgbọ́n a kò lé e jáde. Ìyá rẹ̀ kò ní láti wá ilé ẹ̀kọ́ kẹrin.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ padà, obìnrin náà gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wa, ó sì fa ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní kí ó kí àwọn tíṣà. Ọmọ náà kò dọ̀bálẹ̀, kò sì wo ojú wa. Ó ń yí ìdérí ìgò kan ní ọwọ́. Nígbà tí a ti yíjú padà láti máa lọ, a gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn wa. Nọ́ńbà orin kan ni ó pè, orin tí a máa ń kọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí á tó túká lọ sílé. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ gbọ́ o, ó ti kí yín.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó pín ká sí ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, irú ọmọ yìí yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí á fi pàṣán sílẹ̀ títí a ó fi mọ ẹni tí ó dúró níwájú wa. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa fún ìyá rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè ẹni tí ó fẹ́ bá a gbé ẹrù. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí láti gbọ́ ọmọ tí ń kí wa ní ọ̀nà tirẹ̀.